Àwòrán Ìbejì Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlú Alámì Tótòtó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará abà Ìdí-Àràbà. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ yọ ọ́ kó tó jó, kó sì padà wá jókòó. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó máa lọ sílé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé, "Ọdẹ́yínká, kí lo rí nígbó?" Mo ń wúkọ́, mo ń wo ilẹ̀. Ẹ sì mọ̀ mí dáadáa, kì í ṣe ìwà mi láti máa wo ilẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá pa òkété lásán, wọ́n á gbọ́ ọ ní abà kejì kí n tó yọ ọ́ nínú àpò.

Èmi ni ọmọ ọdẹ tí ọdẹ bí. Èmi ni mo yìnbọn fún ẹfọ̀n, tí ẹfọ̀n dúró béèrè orúkọ mi kó tó ṣubú. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Ṣé ìwọ Jìmọ́ ni? Máa rẹ́rìn-ín ná, ọmọ Ládélé. Nígbà tí mo bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an lo máa fi rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní bá ọ jà. Ojú ń tì mí. Mo ti sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà máa ṣọ́ ọ lójú mi.

Gbogbo yín mọ Àyọ̀ká ìyàwó mi, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọmọbìnrin méjì ló bí fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, Táyé àti Kẹ́hìndé. Táyé ò bá wa pẹ́. Ó padà síbi tó ti wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Kẹ́hìndé dàgbà, ó lọ́kọ, Ṣakí ló wà títí di òní. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nílé wa tí ìbejì wà nínú rẹ̀. Ọmọ méjì jókòó sórí ẹní, wọ́n wọ bùbá kan náà, wọ́n la ojú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àkàrà ń bọ̀. Bí àlejò bá wọlé mi, kó tó mu omi ni mo ti máa gbé fọ́tò náà wálẹ̀ lára ògiri. Mo máa ń sọ pé, "Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yìí ni Táyé. Ẹ wo imú rẹ̀. Imú mi ló gbé wáyé." Àlejò á wo imú fọ́tò, á wo tèmi, á ní òótọ́ ni. Àyọ̀ká á dìde, á lọ sídìí ààrò. Mo rò pé ẹ̀dùn ọmọ ló ń gbé e dìde.

Ìgbà tó yá, ojú Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà wò ó, ó ní èyí tó ti lọ nínú ìríran náà ò ní padà, èyí tó kù sì ń bọ̀ wá lọ. Àfi bí ẹni pé ìyẹn ò tó, òjò ọdún náà jò sára ògiri, omi wọ inú fọ́tò. Ojú Kẹ́hìndé ṣì wà. Ṣùgbọ́n ti Táyé bó kúrò láàárín, ó ku etí, àgbọ̀n àti ọrùn. Àyọ̀ká gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ojú àwọn ọmọ yìí ni mo fẹ́ kó gbẹ̀yìn lójú mi. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn."

Nǹkan kan ṣoṣo tó tọrọ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Kẹ́hìndé gbọ́, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, mò ń bọ̀ nílé wá wo màámi." Mo ní kó jókòó sílé ọkọ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, bàbá rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ín. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo lọ́jọ́ náà. Ọdẹ àgbà kan ló ti sọ fún mi pé nínú Igbó Ojú-Ò-Tó, ìlú iwin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlú Alámì Tótòtó. Ó ní wọ́n ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tó lè tú fọ́tò èyíkéyìí sí àmì bíńtín bíńtín, bí ara ẹtù. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún àmì náà láti ẹ̀yìn bébà, tí ẹni tí kò ríran á fi ìka wò ó. Ìgbà tí mo gbọ́ pé afọ́jú lè fi ìka wo ojú ọmọ rẹ̀, mi ò tún béèrè ohun kankan mọ́. Mo dé fìlà pupa mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki fọ́tò bọ abẹ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, mo sì wọgbó.

Mo rìn títí mo fi dé etí odò kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan létí rẹ̀. Ewé ibẹ̀ funfun, òdòdó ibẹ̀ rí bí eérú, ẹyẹ ológe tó bà sórí igi níbẹ̀ dúdú láti orí dé ìrù. Obìnrin iwin kan jókòó sórí òkúta, ó ń fọ aṣọ, gbogbo aṣọ tó bá ti rì bọ omi ló ń jáde láìní àwọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ó ní, "Ọdẹ, o ṣeun. Kí lo gbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Àwòrán àwọn ọmọ mi ni."

"Kò sẹ́ni tó ń gbé àwọ̀ kọjá odò yìí. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn kí o tó wọ omi. Bí a bá gba àwọ̀ lára ènìyàn, kí ló kù lára rẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo gbá àyà, mo ní, "Òkìkí rẹ̀ ni yóò kù!"

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òkìkí kẹ̀! Òkìkí ni àwọ̀ tí omi yìí kọ́kọ́ ń bó. Ohun tó ń kù lára ènìyàn ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí kò dé. Ó yá, wọlé, kí ìwọ náà wo tìrẹ."

Mo wọ omi. Kó tó mù mí dé orúnkún, fìlà pupa mi ti di eérú. Osùn ara gbérí mi ṣàn lọ. Obì tó wà lẹ́nu mi, nígbà tí mo tu ú, ó rí bí èédú. Mo yọ fọ́tò wò, gbogbo àbàwọ́n rúsúrúsú tí òjò fi sí i ti lọ, dúdú àti funfun àti eérú nìkan ló kù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gòkè odò tí mo bojú wẹ̀yìn wo omi, mi ò rí ọdẹ níbẹ̀. Baba arúgbó kan tó gbé irin kọ́ èjìká ni mo rí. Ojú tì mí níwájú àkèré.

Mo kúrò níbẹ̀, mo já sí àárín òkúta ńlá méjì tí ọ̀nà gba àárín wọn. Òmìrán kan dúró lápá ọ̀tún, ó dúdú débi pé mi ò rí ẹnu rẹ̀. Èkejì dúró lápá òsì, ó funfun débi pé ojú ń dun ẹni tó bá wò ó. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n di okùn kan mú, wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó bá kọjá láàárín wọn, tí kò bá dúdú tí kò sì funfun, wọ́n á fà á títí yóò fi yan ibi tó ń lọ. Wọ́n já fọ́tò gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á. Lójú mi báyìí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́lẹ̀, tí ẹyin ojú ọmọ dúdú kirikiri, tí gbogbo eérú tó bo àárín rẹ̀ pòórá. Mo ń yìn wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n gbá mi mú lápá méjèèjì.

Dúdú ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Funfun ní, "Èyí tí ojú rẹ̀ bó lára àwọn ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Háà, ẹ̀yin bàbá, ó dà bí ẹni pé..."

Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀: "Kò sí 'ó dà bí' níbí! O mọ̀ ọ́n àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n ń fà mí. Egungun apá mi ń dún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi lákòókò yẹn fún yín, nítorí inú ibẹ̀ ni ìtìjú mi sùn sí. Mo rántí bí Táyé ṣe wúwo tó léjìká mi. Mo rántí igbe rẹ̀, ó máa ń ké kó tó jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ojú rẹ̀, ojú Kẹ́hìndé ló ń yọ sí mi. Mo tún wá a, Kẹ́hìndé ló tún yọ.

Kí lo wí, Jìmọ́? O ní ṣé bàbá kì í mọ ojú ọmọ rẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, béèrè. Èmi tí mo lè wo ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀ kí n sọ fún ọ pé abo ni, pé ó lóyún, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ẹtu ni mò ń wò.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún àwọn òmìrán yẹn ni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bóyá wọn ì bá fà mí ya, bóyá wọn ì bá sì fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kígbe pé, "Mo mọ̀ ọ́n! Bàbá wo ni kò mọ ọmọ rẹ̀?" Wọ́n tú mi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ń fọwọ́ ra apá, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnu mi pé ó yọ mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń mú un bá a, ó máa ń dà bí oore.

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìlú Alámì Tótòtó. Kò sí ẹni tó ń fa ìlà níbẹ̀. Ògiri wọn, àmì ni. Òjìji igi wọn, àmì ni. Àwọn ará ìlú náà, bí wọ́n bá rìn jìnnà sí ara wọn, wọ́n á dà bí ẹni tó fẹ́ tú ká, bí wọ́n bá sì sún mọ́ra, wọ́n á ṣú bí ìdí ìkòkò. Mo béèrè ẹni tó ń sọ fọ́tò di àmì, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alábẹ́rẹ́.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara rẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí okùn yọ ní ìdí rẹ̀ bí ìrù eku. Mo ti ń wá igi tí mo máa fi pa á kí n tó mọ̀ pé irinṣẹ́ ni. Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Ó gbọ́ pé ìyàwó mi ò ríran mọ́, ó ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi, ó gba fọ́tò, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kan. Ìmọ́lẹ̀ rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ mi sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n tóbi jù mí lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó nu ibi tí bébà ti sán. Ó bu òkùnkùn díẹ̀ síhìn-ín, ó bu ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó wá ta nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo orí àwòrán, bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ó ní orí ìyẹn ni àmì yóò jókòó sí, tí ohun tó wà nísàlẹ̀ ò fi ní bàjẹ́. Ó pàṣẹ pé, "Ó yá, ẹ bọ́ sílẹ̀!" Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ibi tí òkùnkùn wà, nínú irun, lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n rọ́ síbẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, níwájú orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́, wọ́n ń jókòó jìnnà síra bí àwọn tó ń bínú.

Mo sún mọ́ ọn kí n rí i dáadáa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà. Mi ò rí ọmọ kankan. Yanrìn dúdú ni mo rí. Mo fa àdá yọ, mo ní, "Obìnrin yìí, o ti sọ ọmọ mi di yanrìn!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ò tilẹ̀ wo àdá mi. Ó ní, "Ọdẹ, sún sẹ́yìn." Mo sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wò ó, Kẹ́hìndé sì ń wò mí láti inú yanrìn náà, ojú rẹ̀ pé pérépéré. Mo ti àdá bọ inú àkọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo fà á yọ.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní, "Ó ku èkejì. Ojú rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n ó rọrùn. Etí wọn jọ, àgbọ̀n wọn jọ, bí wọ́n ṣe tẹ orí jọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ojú èyí tó pé, kí n fi dí ojú èyí tó bó."

Mo ní, "Ó tì o! Táyé ò jọ Kẹ́hìndé níbi imú. Imú tèmi ló ní."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún àlejò. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lábà wa."

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́? Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Kì í sọ nǹkan kan."

Obìnrin náà wò mí títí. Ó ní, "Bó o ṣe wí ni." Ó mú ojú Kẹ́hìndé, ó tẹ́ ẹ sí ojú Táyé, ó sì yí imú. Mo na imú mi sí i kó wò ó dáadáa, ó ń fẹ ihò rẹ̀ bí mo ṣe ń wí, ó ń kó òkùnkùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àmì tó ń kó síbẹ̀ ń kùn, mo gbọ́ wọn: "Ibí kọ́ ni ipò wa. Ibí kọ́ ni ipò wa." Mo ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ìgbà tó parí, Ìyá Alábẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Ọdẹ, gbọ́. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣì ní àtúnṣe. Bọ́tìnnì kan wà níbí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí a ti ṣe á máa padà sẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti gún bébà, kò sẹ́ni tó lè dí ihò rẹ̀. Ṣé kí n gún un?"

Mo wo ọmọ tó ní imú mi lójú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ gún un!" Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń dún bí òjò lórí páànù.

Bí mo ṣe padà wálé, ẹ má bi mí. Ẹni tó ń gbé ayọ̀ bọ̀ kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé. Mo bá Àyọ̀ká nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Ìríran tó kù lójú rẹ̀ ti lọ tán. Kẹ́hìndé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí; ó ti wá láti Ṣakí láìfi tèmi pè. Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́. Mo ní kí n pariwo kí gbogbo abà péjọ, Àyọ̀ká ní, "Rárá o, Bàbá Ìbejì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná."

Mo tẹ́ bébà lé e lẹ́sẹ̀, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí ọmọ tó wà lápá òsì. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn níwájú orí, ó rìn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dé ètè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kẹ́hìndé nìyí! Ẹ wo iwájú orí tó máa ń fi gbá ilẹ̀kùn." Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń fẹ̀ láàárín ilé, mo ti ń ronú ẹni tí mo máa kọ́kọ́ ròyìn fún.

Ìka rẹ̀ kọjá sí apá ọ̀tún. Ó wo iwájú orí, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó dé orí imú, ó dúró. Ó padà, ó tún un wò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta nìyí?"

"Táyé ni."

"Imú ta nìyí?"

"Imú tèmi ni. Ṣé o mọ̀ pé..."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bébà bí ẹni tó kan ìkòkò gbígbóná. Ó wá ní, "Jókòó." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Táyé ò ya fọ́tò rí. Ìgbà tí ọmọ lọ, ìwọ wà nígbó ẹ̀yìn odò, wọ́n wá ọ títí, wọn ò rí ọ. Màámi ní a kì í jẹ́ kí ìbejì dá wà, kí wọ́n lọ pe Sùnmọ́nù onífọ́tò. Ó gbé Kẹ́hìndé jókòó sápá òsì ẹní, ó yà á. Ó gbé ọmọ kan náà dìde, ó gbé e sápá ọ̀tún, ó tún yà á. Ó wá so méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ìyá ìbejì tí ọ̀kan rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìgbà tó o dé, mo fẹ́ sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n o gbé fọ́tò sókè, o ní, 'Áà, ẹ wo Táyé, imú mi ló ní!' O sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó o ti gbọ́ pé ọmọ lọ, ìgbà yẹn lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ?"

Mo fọwọ́ bo imú mi.

Ó ní, "Wọn ò yàtọ̀ níbì kankan. Èmi tí mo ń wẹ̀ wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi ń dá Táyé mọ̀. Ojú Kẹ́hìndé ni mo fi ń rí i láti ọjọ́ yìí. Òun ni mo ní kó gbẹ̀yìn lójú mi. O wá lọ bá mi mú àlejò wá."

Ẹ̀yin ará Ìdí-Àràbà, mo ti bá ọ̀bọ jà, mo ti sá fún erin, mo ti já bọ́ láti orí igi níwájú àwọn àna mi. Kò sí èyí tó tì mí lójú bí ti ọjọ́ náà. Mo wo bébà. Imú náà dúró síbẹ̀ gbọnrangandan lójú ọmọ kékeré, ó dà bí ẹni tó lọ jókòó sáyè onílé. Ìdí tó fi ń lọ sídìí ààrò wá yé mi. Kì í ṣe ẹ̀dùn ọmọ nìkan. Èmi ló ń sá fún, kó má baà já mi nírọ́ níwájú àlejò.

Mo ní, "Àyọ̀ká, mo máa padà lọ. Wọ́n á tún òmíràn ṣe fún mi. Lónìí náà ni mo máa lọ."

Ó ní, "Ìwọ àti igbó!" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Kẹ́hìndé gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣan ọwọ́, ó nù ún sí ìró. Ó wá jókòó sápá òsì ìyá rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀. Àyọ̀ká fi ìka wo iwájú orí, ó wo ìpéǹpéjú, ó wo àpá tí ìgbóná fi síbẹ̀ nígbà tó wà nílé ìwé, ó wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń hun jọ. Ó pè é lórúkọ, ó kì í, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Kẹ́hìndé dìde. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó rìn gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó jókòó. Ó tún mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó tún gbé e lé ojú náà.

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé kò fọwọ́ kàn án rí. Ó pẹ́ lórí imú. Ó ní, "Táyé." Ó tún ní, "Táyélolú. O ti dàgbà o."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́ àti ìbọn léjìká. Ọmọ tí mo ní kó má wá. Kò sẹ́ni tó lé mi nínú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó pè mí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí wọ́n fi ṣe tán.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, iṣu yín á ti jiná. Jìmọ́, má pàtẹ́wọ́ fún mi.